Ẹ̀gbọ́n mi kú sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé owó àti ìwé wá pé ká fọwọ́ sí i, ṣé ká gbà?

ÀbúròOlóògbé

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, kú sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ ló pa á. Ohun tí àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn sọ fún wa ni pé ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan ló há, wọ́n ní kó lọ tú u, ó kó apá àti orí bọ inú ẹ̀, ibẹ̀ ló wà tí ẹlòmíì tí ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ fi tan ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó gbé e délé ìwòsàn, ó ti tán. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọ méjì, èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ṣì ń béèrè bàbá ẹ̀ ní alaalẹ́.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé àwọn ará ọ́fíìsì wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé owó wá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n fi ṣàánú ẹbí, wọ́n wá mú ìwé kan jáde pé kí ìyàwó ẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo gbà á mo kà á, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹbí ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí wọn, wọn ò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́ láéláé. Mo ní kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ fún wa fún ọjọ́ méjì ká rò ó wò, wọn ò gbà, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn tún sọ fún bàbá wa pé ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi, torí kò paná ẹ̀rọ kó tó kọrí bọ̀ ọ́, pé tá a bá lọ sí kóòtù a ò ní rí nǹkan kan gbà. Ó tún ní kì í ṣe àwọn gan-an ló gbà á síṣẹ́, pé agbaṣẹ́ṣe kan ló mú un wá, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún ló fi wọ yunifọ́ọ̀mù wọn lọ síbẹ̀.

Bàbá ní ká gba owó yẹn kí ọ̀rọ̀ tán. Ìyàwó ẹ̀ ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Èmi ò gbà, ṣùgbọ́n mi ò mọ òfin, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa fi agídí ba nǹkan jẹ́ fún àwọn ọmọ náà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ yẹn, mi ò sì ní sọ orílẹ̀-èdè tá a wà torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ kó là mí lọ́yẹ. Ṣé lóòótọ́ ni pé tó bá jẹ́ ẹni tó kú ló jẹ̀bi, ẹbí ẹ̀ ò ní gba nǹkan kan? Àti pé ṣé a lè gbé wọn lọ sí kóòtù?

Afẹ́fẹ́Òwúrọ̀

Ẹ kú àfẹ́kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú, á bá yín wo àwọn ọmọ náà. Ẹ MÁ FỌWỌ́ SÍ NǸKAN KAN. Tó bá jẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe, kí ni wọ́n ń fi ìwé ṣe? Àwọn tó mọ òfin ń bọ̀ wá dá yín lóhùn, èyí ni mo kọ́kọ́ rí sọ.

Akọ̀wéTẹ́lẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì, níbi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa àti ti àwọn tó kú, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé ta ló jẹ̀bi yẹn. Orúkọ tá a ń pe owó yìí lédè wa gan-an ló máa ń ṣì wá lọ́nà. A ní gbà-má-bínú, ẹni tó bá sì ń bẹ èèyàn pé gbà má bínú, a jẹ́ pé ó ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn, nítorí ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe máa ń rò pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tó jẹ̀bi. Òfin yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì péré ló ń béèrè, ṣé òṣìṣẹ́ ni, ṣé iṣẹ́ ló sì kó o sínú ikú yẹn. Tí méjèèjì bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó ti di ẹ̀tọ́ ẹbí, ì báà jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló gbàgbé láti paná, ì báà jẹ́ ẹlòmíì ló tan án. Ibi tí òfin ti máa ń yọ èèyàn sílẹ̀ ò pọ̀, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara ẹ̀ léṣe, tàbí láwọn ibòmíì ẹni tó mutí yó débi pé ọtí yẹn gan-an ló fa jàǹbá. Ẹni tí wọ́n rán pé lọ tú ẹ̀rọ tó há, tó sì ń tú u lọ́wọ́, àárín gbùngbùn iṣẹ́ ló wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní ibi púpọ̀, kì í ṣe owó tí wọ́n á gbé wá lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n máa lọ. Ilé iṣẹ́ ti máa ń san owó kalẹ̀ sínú àpò tí ìjọba tàbí ìńṣọ́ránsì ń tọ́jú kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ rárá, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń san fún ẹbí, oṣù dé oṣù. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó jẹ́ nọ́ńbà 121, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1964, fi ìdajì owó iṣẹ́ olóògbé ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún opó tó ní ọmọ méjì, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Òfin àwọn ibòmíì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, tí olóògbé bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n á máa san lóṣooṣù. Ẹ wá ka iye oṣù tó wà láàárín ìsinsìnyí àti ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn máa di géńdé, kẹ́ ẹ fi wé owó tí wọ́n gbé wá sílé yín. Owó ìsìnkú tún máa ń wà lọ́tọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́. Gbogbo òfin yìí ló ní gbèdéke, mo ti rí ẹbí tí ẹ̀tọ́ wọn dájú bí ojú ọjọ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n nu omijé nù tán tí wọ́n wá gbé fọ́ọ̀mù wá, ọjọ́ ti kọjá, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ lẹ́tà pé a ò lè san án. Mi ò gbàgbé àwọn lẹ́tà yẹn. Ní Nàìjíríà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 14 ni ẹbí ní láti fi sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó ìjọba létí, ẹbí sì ní ọdún kan láti fi béèrè owó. Ibòmíì yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó jẹ́ títí láé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Kẹ́ ẹ sì wá ìwé owó oṣù ẹ̀, káàdì iṣẹ́ ẹ̀, ìwé tí dókítà fi sọ ohun tó pa á, àti orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn.

ÒkèÈjìká

Mo bá yín kẹ́dùn gan-an. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn tó ti sọ̀rọ̀, èmi rò pé ohun tí bàbá ń wí ní ìtumọ̀. Mo mọ ẹbí kan tí ẹjọ́ wọn gba ọdún méje, lọ́yà kú sórí ẹ̀, àwọn ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ yìí, ojú ẹ ń wò ó. Ẹjọ́ ò ní òpin, ilé iṣẹ́ ní lọ́yà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, ẹ̀yin ẹ ò ní.

Akọ̀wéTẹ́lẹ̀

@ÒkèÈjìká ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àsọdùn, mo ti rí irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ ni gbígba owó yìí, fọ́ọ̀mù ni èèyàn ń kọ, lọ́dọ̀ àjọ tàbí ìńṣọ́ránsì, ìgbà tí wọ́n bá kọ̀ ni ẹjọ́ máa ń wọ̀ ọ́. Èkejì, mi ò sọ pé kí wọ́n má gba owó ìsìnkú tí wọ́n bá nílò ẹ̀. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ kọ rìsíìtì tiyín fúnra yín pé ẹ gba iye báyìí lọ́jọ́ báyìí fún ìsìnkú, ó parí. Ìwé tó ní a ò ní béèrè mọ́ láéláé yẹn ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. Lọ́pọ̀ ibi, òfin tiẹ̀ sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ máa bá wọn jà lé e lórí sí nígbà tẹ́ ẹ lè má fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí Rana Plaza, ilé alájà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wà nínú ẹ̀ ní Bangladesh, 24 oṣù kẹrin ọdún 2013. Wọ́n ti rí i tí ògiri là lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣì ní káwọn tó ń rán aṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé wó, àwọn tó kú lé ní 1,100. Òfin ibẹ̀ nígbà yẹn, 100,000 taka, owó ilẹ̀ wọn, ni fún ẹ̀mí kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di pé wọ́n ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ káàkiri ayé kí wọ́n dá owó jọ, oṣù kẹfà ọdún 2015 ni owó tí wọ́n ń wá, mílíọ̀nù 30 dọ́là, tó pé, wọ́n sì lo ìṣirò àdéhùn 121 tí mo sọ yẹn láti fi pín in. Ọdún méjì kọjá tí àwọn opó fi ń retí kí owó pé, owó tó yẹ kí òfin ti fi sílẹ̀ fún wọn láti ọjọ́ kìíní. Bí nǹkan ṣe máa ń rí nìyẹn tí ẹ̀tọ́ bá di àánú.

OlùkàÌwé

Ọmọ ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìbéèrè yín kejì, ṣé ẹ lè gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá díẹ̀, torí ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún bàbá yín, òfin ayé àtijọ́ ló ń tẹnu ẹ̀ jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1808, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan dojú dé, ìyàwó ọkùnrin kan kú, ọkọ pẹjọ́, adájọ́ ní nínú ẹjọ́ owó, ikú èèyàn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá gbà nǹkan lé lórí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kán èèyàn lẹ́sẹ̀ ẹ máa sanwó, tẹ́ ẹ bá pa á pátápátá ọ̀rọ̀ tán. Ọdún 1846 ni wọ́n tó ṣòfin pé ẹbí olóògbé lè pẹjọ́. Síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ò rí nǹkan kan dì mú, torí àwọn ọ̀gá ní àwáwí mẹ́ta lọ́wọ́. Wọ́n á ní òun náà jẹ̀bi, kò ṣọ́ra. Tí ìyẹn ò bá wọlé, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọ̀gá, láti inú ẹjọ́ ọdún 1837 ni èyí ti wá, ọmọdékùnrin kan tó ń bá alápatà ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù lé jù já, itan ẹ̀ kán, wọ́n ní ọ̀gá ẹ̀ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èyí tó kẹ́yìn, ó mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn léwu kó tó gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, kò paná, ẹlòmíì ló tan án. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ òfo ni ìyàwó ẹ̀ ì bá bá lọ sílé.

Jámánì ló kọ́kọ́ já okùn yẹn, lábẹ́ Bismarck, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, lọ́dún 1884, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa dá owó jọ fún jàǹbá ẹnu iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1897, owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún ẹbí ẹni tó kú, kò gbọ́dọ̀ dín ní 150 pọ́n-ùn, kò sì gbọ́dọ̀ ju 300 lọ. Ní New York, ìpínlẹ̀ ṣe òfin tiẹ̀, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ fagi lé e ní 24 oṣù kẹta ọdún 1911, wọ́n ní èèyàn ò lè máa sanwó ohun tí kò jẹ̀bi ẹ̀. Ọjọ́ kejì gan-an, 25 oṣù kẹta, iná sọ nílé iṣẹ́ aṣọ Triangle, ilẹ̀kùn kan wà ní títì, èèyàn 146 kú, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Àwọn ẹbí tó pẹjọ́ fúnra wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, dọ́là 75 ni wọ́n gbà lórí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní láti tún òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn ṣe lọ́dún 1913 kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó lè dúró.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Nínú òfin tuntun yìí, ìhà méjèèjì ló fi nǹkan sílẹ̀. Ọ̀gá fi àwáwí mẹ́ta yẹn sílẹ̀, òṣìṣẹ́ náà fi ẹ̀tọ́ àtipe ọ̀gá ẹ̀ lẹ́jọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ibi púpọ̀ ẹbí tó bá gba owó yìí ò lè pe agbanisíṣẹ́ lẹ́jọ́ mọ́, àfi láwọn ibi díẹ̀ tàbí tí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí tí kò san owó ìńṣọ́ránsì tó yẹ kó san. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ nìkan ni àdéhùn yẹn bò. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, tó bá ní àbùkù, kò bò ó. Ilé iṣẹ́ míì tí ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, kò bò ó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ o. Ó ní àwọn kọ́ ló gbà á síṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni kó san owó òṣìṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ yẹn di ẹni ìta tẹ́ ẹ lè pè lẹ́jọ́ bí ẹ ṣe máa pe ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá sì ní rárá, òṣìṣẹ́ àwọn ni, a jẹ́ pé àwọn ló máa san án. Wọn ò lè dúró sí ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí òfin wọn ka ẹni tó ni ibi iṣẹ́ mọ́ agbanisíṣẹ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà òṣìṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́.

OníSéfítì

Iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé irú ikú yìí ò ṣẹlẹ̀, inú bí mi nígbà tí mo kà á. Wọ́n ní kò paná. Ẹ bi wọ́n pé àgádágodo ẹ̀ dà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, ẹni tó bá máa fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ ní àgádágodo tiẹ̀, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Á pa iná láti orísun, á fi àgádágodo yẹn tì í, á so páálí tó ní orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn, á wá tún lọ tẹ bọ́tìnnì bí ẹni fẹ́ tan ẹ̀rọ láti rí i dájú pé kò ní dáhùn. Ẹni méjì bá wọlé, àgádágodo méjì. Tí wọ́n bá ti ṣe èyí, ẹlòmíì ì báà fẹ́ tan ẹ̀rọ yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè tàn. Torí náà tí ẹ̀rọ bá tàn nígbà tí èèyàn wà nínú ẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan gbàgbé, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ò sí. Ṣé wọ́n fún un ní àgádágodo? Ṣé wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìwé tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ dà? Ṣé irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀ àbí wọ́n ti yọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yára? Èyí ò ní dí owó tí Akọ̀wéTẹ́lẹ̀ sọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe ẹni ìta lẹ́jọ́, àti kí àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má bàa tún kú.

Ẹ kọ ìwé sí àwọn aṣàyẹ̀wò ibi iṣẹ́ ti ìjọba, kíákíá, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe títí wọ́n á fi wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti dá irin yẹn padà, wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà tuntun.

OpóTóDúró

Mo ń kà á bọ̀ láti òkè, mo ń sunkún. Ọkọ mi kú nípa iṣẹ́ tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kú síbẹ̀. Ó gé òkúta fún ọdún méjìdínlógún, eruku wọ̀ ọ́ ní ẹ̀dọ̀fóró, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí ò lọ. Nígbà tí mo lọ béèrè, wọ́n ní ta ló rí iṣẹ́ tó pa á. Ìwé fọ́tò àyà ẹ̀ tí dókítà fún wa, tí mo tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló gbà mí, torí òfin ibi tí mo wà ka ọjọ́ láti ìgbà tí dókítà dárúkọ àìsàn náà, kì í ṣe ìgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ILO ní nínú bíi mílíọ̀nù 2.9 èèyàn tí iṣẹ́ ń pa lọ́dún, àwọn tí jàǹbá pa tó 330,000, àwọn tí àìsàn pa lé ní mílíọ̀nù 2.6. Irú ọkọ mi ló pọ̀ jù, àwọn la kì í gbọ́ nípa wọn.

Àbúrò mi, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ka gbogbo èyí fún un, kódà tí kò bá dáhùn. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lórí mi nígbà yẹn, kò sí ẹni tó bá èmi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ogún ni owó yìí, àwọn tí olóògbé ń bọ́ ni òfin ń wò, orúkọ òun àti àwọn ọmọ ni kó wà lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ní kó wọ àkáǹtì tòun ká tó pín in.

ÀbúròOlóògbé

Ẹ ṣé gan-an ni, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá àti ìyàwó ẹ̀ lálẹ́ àná. Bàbá dákẹ́ títí, nígbà tó yá ó ní kí n tún ibi àgádágodo yẹn kà. Mo tún un kà. Ó ní ká kọ lẹ́tà náà. Ìyàwó ẹ̀ ló kọ orúkọ ara ẹ̀ sísàlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa mú bírò látọjọ́ yẹn.

A ti fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì láàárọ̀ yìí, agbaṣẹ́ṣe àti ilé iṣẹ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. A rí ìwé owó oṣù ẹ̀ ti ọdún mẹ́ta nínú báàgì ẹ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe ló wà lókè, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn ló ń fọwọ́ sí wákàtí tó ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ tún pè mí, ó ní àgádágodo kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ẹ̀ka wọn, ọwọ́ ọ̀gá wọn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì máa ń wà, ọ̀gá yẹn ò sì wá síṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Ó ní òun lè jẹ́rìí ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lé òun. Kí ni kí n sọ fún un?

OníSéfítì

Ọ̀pọ̀ òfin ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó bá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan gbé e síta. Ẹ ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì wà lójú ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kó wà lọ́wọ́ lọ́yà yín. Nínú ìwé tẹ́ ẹ máa kọ sí àwọn aṣàyẹ̀wò, ẹ má dárúkọ ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó wà níṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi gbogbo wọn nípa àgádágodo. Kẹ́ ẹ sì pa ibi tẹ́ ẹ kọ nípa ẹ̀ lókè yẹn rẹ́ lálẹ́ yìí.